Ìjókòó Sọ́ńdè Nílé Tíṣà Àgbà

Ọjọ́ tí a sin bàbá àgbà mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, akọ̀wé ìjọ ló dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ èrò. Ó wọ sùtánà funfun tí sítáṣì ti mú kó le gan-an. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn wòlíì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jókòó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un: "Last but not the least…" Ojú mi sáré lọ síbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da yẹ̀pẹ̀ sí. Mò ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé Bàbá ti kú, omi sì bọ́ lójú mi níwájú gbogbo ènìyàn.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé orí mi dàrú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n jókòó sábẹ́ kánópì lọ́jọ́ náà, gbogbo wa la jọ wo ilẹ̀. Tíṣà Àgbà ni àdúgbò ń pè é. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó to bẹ́ńṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó kan pátákó mọ́ ògiri, ó ń ṣe lẹ́sìn fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò àṣejáde. Kì í ṣe gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ló ń jà fún. Bí o bá pe ọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀yọ́, kò kàn án, òun náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ni kì í jẹ́ kó sinmi: àwọn ọ̀rọ̀ asopọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń mú ènìyàn láti gbólóhùn kan bọ́ sí èkejì, àti àwọn àkànlò èdè wọn. Ó ní bí ènìyàn bá so ọ̀rọ̀ níbi tí kò ní oríkèé, irọ́ ló ń pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ ló ní lọ́kàn. Ní ti "last but not the least" tó gbòde kan ní gbogbo ìsìnkú àti ìkórè, ọ̀rọ̀ kékeré àárín rẹ̀ yẹn ló máa ń bá a jà. "'The' yẹn," ni Bàbá máa ń wí, "ta ló ránṣẹ́ pè é?"

Búrọ̀dá Fẹ́mi, àbúrò màmá mi, wá láti Ìbàdàn nígbà kan láti wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi tíì rí òrùlé ilé tún ṣe. Ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá òun fẹ́ràn, ó sì rò pé bí òun bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, yóò dùn ún gbọ́. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "On the other hand, Daddy…" Bàbá gbé ìka kan sókè. Ìka yẹn ni pàṣán rẹ̀, kò ní òmíràn, kò na ẹnikẹ́ni rí.

"Ọwọ́ kìíní dà?" ó bi í.

Búrọ̀dá Fẹ́mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwa tí a wà lórí bẹ́ńṣì ń fi eyín jẹ ètè kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Bàbá ti yíjú padà sí pátákó. "Lọ wá a wá ná," ó ní, "kí o tó fi èkejì hàn mí." Omi òjò ń kán sínú pàlọ̀ ní gbogbo ọdún náà, a sì ń fi bàsíà gbè é.

Ní ti àkànlò èdè, ogun rẹ̀ tó pẹ́ jù ni ti télọ̀ kan ní Ọjà Akẹ̀sán. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sára pátákó ìpolówó rẹ̀ gàdàgbà pé: "Cut your coat according to your size." Bàbá kò lè kọjá níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo tẹ̀ lé e lọ, ó wọlé lọ bá a, ó ní kó bá òun tún ọ̀rọ̀ náà kọ, pé "cloth" ni wọ́n ń wí, kì í ṣe "size".

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí i tán kó tó dáhùn. "Bàbá, ẹ má bínú o. Tí mo bá gé e bí aṣọ ṣe pọ̀ tó, tí kò wá wọ oníbàárà ńkọ́?"

"Ìmọ̀ràn lórí ìnáwó ni, ọmọ mi. Kì í ṣe lórí aṣọ rírán."

"Èmi ò kúkú ṣiṣẹ́ báńkì, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ kò tán. Nígbàkígbà tó bá lọ sọ́jà, á gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà kọjá, á wo pátákó, á mi orí, télọ̀ á sì kí i, "Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá Cloth." Nígbà tí mo bi Bàbá pé kí ló wá kàn án tó bẹ́ẹ̀, ó ní, "Àkànlò èdè ẹlòmíì, aṣọ àyálò ni. Bó bá gùn jù ọ́, ká a sókè. Má gé e."

Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ wọ́n. Gbígbé inú wọn kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òun àti ìyá àgbà mi ni mo dàgbà sí, torí pé ìrìn àjò ọjà ni màmá mi ń rìn, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí kí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹni kó má lè jáde. Bí ìka yẹn bá ti dìde, o ò ní máa bá gbólóhùn lọ. O máa padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni, kí o tún un kà wá. Bí o bá tún ṣì í, o tún padà. Nígbà míì ẹnu ọ̀nà gbólóhùn kan náà ni mo máa wà títí oúnjẹ á fi tutù. Nígbà kan, ajá bu ọmọkùnrin kan jẹ lọ́nà lẹ́sìn, ó ń sunkún wọlé, ó ní "Therefore I am crying, sir," kó tó sọ ohun tó ṣe é. Ìyá àgbà ti kúnlẹ̀, ó ń fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá dúró lórí àwọn méjèèjì pẹ̀lú ìka lókè. "'Therefore' kì í ṣáájú ìdí," ó ní. "Ajá ló kọ́kọ́ ń bu ni jẹ, kí a tó sunkún."

Síbẹ̀, kì í ṣe ìkà ló bí gbogbo rẹ̀. Ó sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ fún mi rí, ìgbà tí a jọ ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Bàbá tirẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ tí kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé. Ó pàṣẹ pé kó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kó wá sóko. Bàbá àgbà mi, tó ṣì wà ní kékeré, la ẹnu, ó ní, "Ṣùgbọ́n, Bàbá…" Kò rí i sọ tán. Àwọn mọ̀lẹ́bí bú sí i, wọ́n ní ó ya aláfojúdi, wọ́n ní kó wólẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà. Òun alára ló tún bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó padà sílé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ "however". Ó dìde nínú kíláàsì, ó fi ta ko ohun tí tíṣà wí. Tíṣà náà ronú díẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn," ni Bàbá wí fún mi, "tí mo ta ko àgbà tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n dọ̀bálẹ̀."

Ohun tó rí níbẹ̀ ló fẹ́ fún gbogbo ilé rẹ̀. Bó ṣe dá Ìjókòó Sọ́ńdè sílẹ̀ nìyẹn. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí oòrùn rọlẹ̀, gbogbo wa á jókòó ní pàlọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan, tàbí tó fẹ́ ta ko Bàbá fúnra rẹ̀, á dìde dúró. Bó ti wù kó kéré tó, kò ní kúnlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi rò ó, ó sì gbọ́dọ̀ so ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ bó ṣe yẹ. Bí ó bá so ó pọ̀ dáadáa, Bàbá á gbà. Kì í ṣe pé ó ń fi ṣeré. Òun fẹ́ kí n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, kí n wá jogún pátákó ara ògiri. Èmi fẹ́ kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ Sọ́ńdè ni mo fi bá a fà á. Lọ́jọ́ tí mo rí i sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí ìka rẹ̀ kò gbéra, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé mo jàre. Ó fúnra rẹ̀ sìn mí dé gáréèjì.

Ẹnì kan ló wà nílé yẹn tí kò lè jàre láéláé. Ìyá àgbà mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá àgbà. Ọṣẹ dúdú ló ń tà kí orúnkún rẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Ní gbogbo Sọ́ńdè, á ró ìró tó mọ́, á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, á máa wo ẹnu wa. Kì í bá wa dá sí i. Mo rò pé ó gbádùn rẹ̀ ni. Ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ojú ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà fọ́ pátápátá. Àwọn méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ là ń pe èyí ẹ̀gbọ́n. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun, aládùúgbò ló ń bá a pọn omi. Mo máa ń gba ọ̀kadà láti Under G, àdúgbò àwa akẹ́kọ̀ọ́, lọ kí i, màá bá a tó ń fi ọwọ́ tọ ògiri láti yàrá dé ìdí ààrò. Ìyá àgbà fẹ́ lọ máa bá a gbé. Bí mo ṣe ń wí yìí, kò sí ohun mìíràn tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àmọ́ obìnrin tó ti fi gbogbo ìgbéyàwó rẹ̀ sọ pé òun kì í jáde láìgba àyè lọ́wọ́ ọkọ, kò ní wá sá lọ ní àgbà. Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun kúkú máa bọ̀ ní Ọ̀yọ́. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ ní ká bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí n wá gbé ojú tí kò ríran lọ jókòó sílé àna, kí n máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

Ìyá àgbà fi Yorùbá tọrọ àyè. Ó kúnlẹ̀, ó fi orúkọ màmá mi pè é, ó ní, "Bàbá Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí, Ìyá Bísí," ni ìdáhùn tó fún un. "Gbé e wá ní Sọ́ńdè. Òfin kan náà ni fún gbogbo wa."

Báyìí ni mo ṣe di agbẹnusọ fún ìyá àgbà. Mo máa ń wọ mọ́tò wá sí Ọ̀yọ́ ní Sátidé, a ó jókòó sí ìdí ààrò, á sọ tirẹ̀ fún mi, èmi á yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ wọnú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ó ní, "Sọ fún un pé orí ẹní kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń sùn kí n tó mọ òun rárá. Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí." Mo sọ ọ́. Bàbá gbé ìka sókè. Ṣé ìdí ni èyí, àbí ìrántí? Bó bá jẹ́ ìdí, ọ̀rọ̀ wo ni mo fi so ó mọ́ ẹ̀bẹ̀ náà? Mo lọ tún un ṣe. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo fi "more so" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò lè dá dúró síbẹ̀, "moreover" ni mò ń wá. Mo tún un ṣe. Ó tún rí òmíràn. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà á na ọrùn láti orí àpótí rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ká tún un ṣe, Ìyá."

"Ṣé kò gbà ni?"

"Kò tíì dé orí pé ó gbà tàbí kò gbà."

Mo bínú sí Bàbá nígbà náà débi pé bí mo bá wà nínú mọ́tò tó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, màá máa dá sọ̀rọ̀. Tí mo bá dé, ọ̀dọ̀ Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo gbọ́dọ̀ lọ jíṣẹ́. Á gbọ́ ìró bàtà mi, á béèrè àbúrò rẹ̀, á ní, "Àbẹ̀ní, Àṣàkẹ́ ńkọ́?" Mo ní ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́dọ̀ Bàbá. Ó ní, "Kí ló ń fi ṣe? Ṣé ó ń sè é ni?" Arúgbó kan ń retí níhìn-ín, èkejì ń retí lọ́hùn-ún, èmi ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, ojú ọ̀nà náà sì dí. Mo bi Bàbá ní gbangba lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò lè kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ọ̀rọ̀ tí a kò bá so dáadáa," ó ní, "èèyàn lè já bọ́ láàárín rẹ̀."

Àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì, wọ́n sì dá wa padà sílé. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá àgbà wé gèlè, tó rọra rìn wá sí ibi lẹ́sìn, tó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá wò wọ́n, wọ́n dákẹ́.

"Kí lo wá ṣe níbí, Ìyá Bísí?"

"Mo wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá Bísí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe."

Ó dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé yóò lé e dìde, tàbí kó fi ABC tàn án títí ọdún á fi yí po. Kò ṣe méjèèjì. Ó yíjú sí pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa bàbá àgbà mi, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, òun nìyí: ó kọ́ ọ dáadáa. Ó kọ́ ọ ju bó ṣe kọ́ mi lọ. Ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú fún un: eérú wà, epo wà, "therefore" ọṣẹ wà. Ó fún un ní "because", ó fún un ní "although", kò sì fi "however" pamọ́, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dájú pé ìyá àgbà yóò fi ta ko òun. Bí ìyá àgbà bá rí i sọ dáadáa, inú Bàbá á dùn bíi ti ọmọdé, lẹ́yìn náà ìdùnnú ọ̀hún á rọra kúrò lójú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń bá ẹlòmíì pọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ fi gé okùn tó dì mú. Mo dúró dè é níbi tó ti ń fọ ọwọ́, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe?"

Ó gbọn omi dànù lọ́wọ́ rẹ̀. "Akẹ́kọ̀ọ́ ni," ó ní. "Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ rí."

Wọ́n parí ìyanṣẹ́lódì, wọ́n tún gùn lé òmíràn. Sọ́ńdè kan nígbà ọyẹ́, ìyá àgbà dìde lórí àpótí. Ó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú. Búrọ̀dá Fẹ́mi wà níbẹ̀, màmá mi náà wà níbẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

"My sister is blind," ó ní. "She is alone. I have stayed with you all my life, because you are my husband. However, she carried me when I was small. Therefore, I want to go."

Mo wo ìka Bàbá. Ó wà lórí itan rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí tí màmá mi fi wúkọ́. Nígbà tó dáhùn, Yorùbá ló fi dáhùn, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Ìjókòó Sọ́ńdè.

"Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀," ó ní. "O jàre. Máa lọ." Ó gbé fìlà kúrò lórí, ó gbé e lé orúnkún. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Ìyá Bísí. Gbogbo ẹni tó bá bá mi sọ̀rọ̀ ni mò ń tọ́ sọ́nà. Ìwọ nìkan ni mo lè jókòó tì kí n kàn máa gbọ́. Bí o bá lọ, gbogbo ilé yìí á di kíláàsì."

Kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ìyá àgbà ṣì di férémù mú. Ó ti rí ohun tó ń wá gbà, ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ó rọra padà jókòó sórí àpótí. Mo bá a ní ìdí ààrò lẹ́yìn náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mọ́tò tí a máa wọ̀. Ó ń fọ àwo, kò gbé ojú sókè.

"Mọ́tò wo?" ó ní. "Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkọ rẹ̀ kó di ẹrù? Nígbà tó ń fi òfin dè mí, mo lè jà. Ó ti wá fi èyí dè mí báyìí."

Kò lọ. Èmi ni mo lọ sọ fún Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ pé Bàbá ti gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀. Mo ní wọn kò bọ̀ mọ́. Ó tọ ògiri padà wọlé.

Títí Bàbá fi kú, kò gbé ìka sókè sí ìyá àgbà. Wọ́n á jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn lẹ́sìn, ìyá àgbà á máa sọ ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò, Bàbá á máa gbọ́. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ lẹ́sìn wá kí i, ọ̀kan ní, "We wish you quick recovery, sir." A rí i pé ìka náà fẹ́ gbéra lórí ibùsùn. Ìyá àgbà fi ọwọ́ bò ó. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Bísí," ó ní. "Wọ́n ṣáà fẹ́ràn yín."

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà ṣe opó tán, kò sí ẹni tó ní kó má lọ. Búrọ̀dá Fẹ́mi ti ilẹ̀kùn pàlọ̀ pa, ó kó kọ́kọ́rọ́ lọ sí Ìbàdàn. Mo tẹ̀ lé ìyá àgbà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ fi ọwọ́ méjèèjì tọ ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó ní, "O ti gbó, Àṣàkẹ́." Ìyá àgbà ní, "Ẹ̀yin náà ti gbó, ẹ ò kàn rí i ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìtàn wa parí sí. Dípò iṣẹ́ ìmọ̀ oúnjẹ tí mo kọ́, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G, mò ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún iṣẹ́ àṣekágbá wọn kọ. "More so" kún inú wọn bí òkúta inú ìrẹsì. Sọ́ńdè ni mo máa ń wá sọ́dọ̀ àwọn ìyá méjèèjì.

Sọ́ńdè tó kọjá, mo bá wọn níta. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ rẹ̀ kò nílò ojú fún ìyẹn. Ìyá àgbà ró ìró tó mọ́. Ó jẹ́ kí n jókòó tán, ló bá dìde dúró. "Mo ní ẹjọ́," ó wí fún mi, ní Yorùbá.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹjọ́ kí ni?"

Kò jókòó. "Mo fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́. Ta ló ń gbá ojú oórì bàbá rẹ?"

Ìró ẹ̀gúsí dáwọ́ dúró. Mo ní ìdáhùn. Ìdáhùn pọ̀ lẹ́nu mi, mo sì mọ bí a ṣe ń so wọ́n: Búrọ̀dá Fẹ́mi ti ti ilé, orúnkún Ìyá kò gbé ìrìn, ẹni tó tìtorí rẹ̀ ja ìjà tó pẹ́ tó báyìí ló jókòó síbí tí kò ríran. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni tèmi wà, pé mo fẹ́ kí ó wà nítòsí, pé n kò fẹ́ kí Sọ́ńdè dé kí n má rí ibi tí mo ń lọ. Mo rí i kedere pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo wá mọ ibi tí bàbá àgbà mi jókòó sí ní gbogbo àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn, inú mi kò sì dùn láti bá a jókòó níbẹ̀.

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ yí ojú sí apá ọ̀dọ̀ mi. "Ìwọ ló bi, Àbẹ̀ní," ó ní. "Má wo tèmi mọ́ ọn. Dá a lóhùn."

Mo gbé gbogbo ìdáhùn tó wà lẹ́nu mi mì. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ lọ, Ìyá?" mo ní.

Ìyá àgbà fi ọwọ́ wá ìjókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra jókòó.

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí," ó ní.